Ẹja Mẹ́fà Tó Rọ Alága Lóyè

Àwọn kan wà láyé tí Ẹlẹ́dàá fún ní ẹnu méjì, tí ó sì gbàgbé láti fún wọn ní etí ẹyọ kan. Lásúnkànmí, alága ẹgbẹ́ onílé Àdúgbò Ìtura ní Mowé, wà nínú wọn. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ lọ́dún 2006 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, tó ká agbádá lé èjìká méjèèjì láàárọ̀ kùtùkùtù, tó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ ló yẹ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàtà rẹ̀, ẹ ó rò pé gómìnà ló ṣìnà wọ àdúgbò. Bẹ́ẹ̀ ilé mẹ́tàdínlógójì péré ló wà lábẹ́ àkóso rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ mélòó kan tí kì í tẹ̀lé òfin ẹnikẹ́ni.

Ẹ má tíì bínú sí i kí ẹ tó mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Lásúnkànmí fi ṣe sítókípà ní ọ́fíìsì kan ní Èkó. Ọṣẹ, ìgbálẹ̀ àti bébà ìnudí ló ń pín fún àwọn ọ̀gá. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sẹ́ni tó pè é ní "sà" rí. Láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ké sí i: "Lásún! Ọṣẹ ti tán o!" Nígbà tó fẹ̀yìn tì, tó kó wá sí ilé tó kọ́ sí Mowé, àwọn onílé yòókù ń wá ẹni tí wọn yóò fi ṣe alága. Gbogbo wọn ló ń jáde lọ sí Èkó kí àkùkọ tó kọ, tí wọ́n ń padà nígbà tí adìyẹ ti wọlé tán. Lásúnkànmí nìkan ló ráyè. Bí wọ́n ṣe fi í jẹ alága nìyẹn, bí ìgbà tí èèyàn fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ fún ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Òun ní tirẹ̀ gbà pé ọgbọ́n orí òun ni wọ́n rí.

Ọdún kan kò pé tó fi di Olóyè. Ọba tó fi í jẹ, a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Nígbà tó yá, tiransifọ́mà dé, oyè sì di méjì. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Iná tó ń wọ Ìtura tẹ́lẹ̀ kò lágbára rárá. Bí wọ́n bá tan gílóòbù, àfi kéèyàn tún tan àbẹ́là kó tó lè rí gílóòbù náà. Ọdún méjì gbáko ni àwọn ará àdúgbò fi tu owó jọ kí wọ́n lè ra tiransifọ́mà tiwọn. Ọkùnrin kan ta ọ̀kadà rẹ̀ sí i. Ọláwùnmí, opó kan tó ń ta ẹja yìnyín níwájú ilé rẹ̀, dá owó tó fẹ́ fi fẹ ìsọ̀ rẹ̀ sí i, nítorí pé láìsí iná, fírísà mẹ́ta tó ní kò yàtọ̀ sí pósí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, Alága gé rìbọ́ọ̀nù, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dá lẹ́ẹ̀mejì, kó tó wí pé "ní ìparí." Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, àwọn ènìyàn rí i pé ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ LÁSÚNKÀNMÍ gàdàgbà sára tiransifọ́mà. Láti ọjọ́ náà ló ti di Olóyè Ẹ̀ńjíníà Lásúnkànmí, Bàbá Iná.

Akọ̀wé rẹ̀, Dáníẹ́lì, ló fi "Bàbá Iná" kún un. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tó ti dọ̀bálẹ̀ títí tí àyà ẹ̀wù rẹ̀ fi ń yára gbó ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu Alága sínú ìwé ńlá kan. "Kọ ọ́ sílẹ̀, Dáníẹ́lì, nítorí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí," ni Alága máa ń wí. Dáníẹ́lì á sì kọ ọ́. Bí Alága bá sín, á kọ pé: "Alága sín. Ilé dìde, ilé sì kí i kú oríire."

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ kò ju ìdí ààrò lọ. Alága kì í jẹun àárọ̀ láìsí dòdò, ìyàwó rẹ̀, Mọ́láyọ̀, tó ń ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló sì ń dín in kó tó sáré lọ síbi iṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, òróró gbígbóná ta sí i lọ́wọ́. Ó da omi tútù sí i, ó kó dòdò sínú àwo, ó gbé e fún ọkọ rẹ̀, ó wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì.

"Bàbá Ìníolúwa, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí. Olùkọ́ ẹgbẹ́ mi kan ra fúráyà kékeré, ìkòkò oníná tí wọ́n fi ń dín nǹkan. Ó lọ́mọrí, òróró rẹ̀ kì í ta síni lára, kì í sì í gba òróró púpọ̀. Wọ́n ń ta tòkunbọ̀ rẹ̀ ní Ìbàfò, kò wọ́n."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, "oníná" nìkan ni Alága gbọ́. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Oníná? Ohun tó jẹ mọ́ iná wá wọ ìlú, Bàbá Iná kò sì gbọ́ sí i? Múra, Mọ́láyọ̀. Bí o bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, a ó jọ lọ ni. Ránṣẹ́ sí Dáníẹ́lì kó gbé ìwé rẹ̀ dání."

Ìsọ̀ Mùtíù wà lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ìbàfò, láàárín àwọn fíríìjì tí kò ní ilẹ̀kùn àti àwọn tẹlifíṣọ̀n tó wúwo bí òkúta. Mùtíù mọ ọjà rẹ̀. Ó nu eruku kúrò lára fúráyà funfun kékeré kan, ó gbé e síwájú Mọ́láyọ̀.

"Màmá, èyí ni mo lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ rà fún ilé. Òróró lítà méjì péré ló ń gbà. Tí ooru bá ti tó, á dákẹ́ fúnra rẹ̀. Tó bá fẹ́ tutù, á tún bẹ̀rẹ̀. Kì í jẹ́ kí òróró jóná, ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè sẹ́ ẹ padà sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ tún lò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta."

Mọ́láyọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lókè nísàlẹ̀. Ó fa agbọ̀n inú rẹ̀ jáde, ó fi ọmọ ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́. "Ṣé ikùn rẹ̀ yìí ń yọ, kéèyàn lè fọ̀ ọ́?"

"Ó ń yọ, Màmá. Èyí tí kì í yọ wà níbẹ̀ yẹn, ó dínwó díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má rà á. Ọ̀rá á gbé inú rẹ̀ di baba."

"Jẹnẹrétọ̀ kékeré tiwa ńkọ́? Ṣé ó lè gbé e?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ fi dúró de iná ìjọba. Tí ẹ bá fi jẹnẹrétọ̀ kékeré yẹn gbé e, ẹ ó sin jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ náà ni. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ni mo ń tà á."

Inú Mọ́láyọ̀ dùn. Ó ti ń wá àpò rẹ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wúkọ́. Ikọ́ náà kì í ṣe ti àìsàn o, ikọ́ àwọn olóyè ni.

"Ọ̀dọ́kùnrin yìí, ṣé o mọ ẹni tí o ń fi ìkòkò tó tó orí ọmọ ọwọ́ yìí hàn?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò tíì dá yín mọ̀."

Dáníẹ́lì bọ́ síwájú, ó tún ọ̀fun ṣe, ó ní, "Olóyè Ẹ̀ńjíníà Lásúnkànmí, Bàbá Iná, Òòrùn Ìtura, A-rí-i-lẹ́ẹ̀kan-dúpẹ́-lẹ́ẹ̀mejì!"

"Ẹ kú oríire, sà," ni Mùtíù fèsì. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀ ṣì ni."

Àmọ́ Alága kò gbọ́. Ojú rẹ̀ ti kọjá lọ sí igun ìsọ̀ náà, níbi tí irin ńlá kan wà lábẹ́ tapólì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ara rẹ̀ ń dán yinrinyinrin, ó ní ikùn méjì, ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì ga dé àyà èèyàn. Wọ́n lẹ bébà yẹ́lò kan mọ́ ọn tó ní àwòrán mànàmáná.

"Kí ni èyí?"

"Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ilé oúnjẹ ńlá nílùú òyìnbó ni wọ́n ti tú u. Òróró lítà mẹ́rìndínlógún ló ń wọ ikùn kan, mẹ́rìndínlógún tún ni èkejì. Iná tó ń jẹ kì í ṣe kékeré. Kì í ṣe nǹkan inú ilé rárá. Bébà yẹ́lò yẹn gan-an, ìkìlọ̀ ni."

"Ìkìlọ̀ fún àwọn ẹni kékeré," ni Alága wí. Ó na ọwọ́ kan àwòrán mànàmáná náà bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti sọnù. "Ẹ̀rọ yìí mọ̀ mí. Kọ ọ́ sílẹ̀, Dáníẹ́lì. Ẹ̀rọ rí Alága, ó sì dá a mọ̀."

Mọ́láyọ̀ fa agbádá rẹ̀ díẹ̀. "Bàbá Ìníolúwa, èèyàn mẹ́ta la wà nílé. Dòdò ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì ni."

"Ìyàwó sítókípà ló lè máa dín ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì," ni ó dá a lóhùn. Nígbà tó wí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì fún ìṣẹ́jú kan, bí ẹni tó ṣèèṣì tẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó sì san owó tó fi pamọ́ láti kan òrùlé ilé wọn, èyí tó ti ń jò láti ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé ẹ̀rọ náà dé Mowé. Mọ́láyọ̀ jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ tí òróró ta sí títí wọ́n fi délé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, pé ọkùnrin kan ra ohun tó ju ilé rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Asán kì í fẹ́ dá gbé inú yàrá. Gbàgede ló ń wá. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Alága pe ìpàdé.

"Ẹ̀yin ará Ìtura! Ìtàn jókòó síwájú yín, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó ń retí! Láti ìgbà tí aráyé ti kọ́kọ́ da òróró sórí iná, ta ló ronú nípa iyì dídín? Ta ló bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ kẹ́dùn? Èmi ni! Mo ti gbé ẹ̀rọ dé tí yóò máa dín oúnjẹ ilé mẹ́tàdínlógójì pa pọ̀. Láti ọjọ́ Sátidé, ẹni tó bá fẹ́ jẹ dòdò ní Ìtura, kó wá gba nọ́ńbà!"

"Olóòótọ́ ọ̀rọ̀!" ni Dáníẹ́lì ké, ó ń kọ̀wé lọ.

Ọláwùnmí, opó ẹlẹ́ja, na ọwọ́ sókè. "Ṣíámáànù, ẹ jọ̀ọ́ o. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń dín ẹja fún Adéṣọlá ọmọ mi kó tó lọ síléèwé. Ṣé kó máa wá tò síwájú ilé yín ni?"

"Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ètò ọjọ́ òní," ni Alága fèsì, ó sì kéde òfin mìíràn: láti Tọ́sìdeè títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dín ohunkóhun ní Ìtura, kí òórùn tí yóò jáde nínú ẹ̀rọ náà lè jẹ́ òórùn àkọ́kọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òtítọ́ ni mo ń sọ. Aboyún kan tí àkàrà ń wù gbé ẹ̀wà lílọ̀ wọ ọkọ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàfò, ó dín in níbẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán lójú ọ̀nà kó má baà di pé wọ́n ká a mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Fráídè, wọ́n pe Ṣàràfá, tó ń ṣe iṣẹ́ wáyà, kó wá so ẹ̀rọ náà mọ́ iná. Ṣàràfá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tẹ̀ síwá, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó wo inú ẹ̀rọ, ó lọ wo tiransifọ́mà, ó padà wá.

"Bàbá, iná yìí kò lè gbé e. Bí ẹ bá tàn án báyìí, fíùsì yóò já."

"Yọ fíùsì náà kúrò."

"Sà?"

"Fi wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò rọ́pò rẹ̀. Kí n wá rí ohun tí yóò já."

Ṣàràfá wo Alága bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó gun ẹnu kànga. "Ẹ jọ̀ọ́ sà. Fíùsì yẹn ni ọlọ́dẹ wa. Tí jàǹbá bá dé, òun ló máa kú, kí tiransifọ́mà má baà kú. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti lé ọlọ́dẹ lọ, ẹ sì ṣí géètì sílẹ̀."

Alága na ìka sókè. Dáníẹ́lì mọ ìka náà, ó ṣí ìwé. "Nínú àkóso mi, nǹkan kan kì í kú láìgba àṣẹ!" ni Alága wí.

Ṣàràfá kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó kí wọn pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Dáníẹ́lì, tó ti tún rédíò ṣe rí lẹ́ẹ̀kan, tí rédíò náà kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé, ló lọ so wáyà tó nípọn náà.

Sátidé dé. Wọ́n na kánópì méjì sí iwájú ilé Alága. Kẹ́ẹ̀gì òróró tò bí ọmọ ogun. Láàárọ̀, Alága ti ránṣẹ́ gba ẹja mẹ́fà, àwọn ńláńlá, nínú fírísà Ọláwùnmí, ó pè é ní "ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ aráàlú." Ọláwùnmí fúnra rẹ̀ ló gbé e wá.

"Màmá Ìníolúwa," ó sọ fún Mọ́láyọ̀ ní kọ̀rọ̀, "wọ́n ṣì gan bí igi o. Ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́ kúrò lára wọn, kí ẹ nù wọ́n gbẹ. Omi àti òróró gbígbóná kì í ṣe ọ̀rẹ́."

Mọ́láyọ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ níbi tó ti ń ka ọ̀rọ̀ àkọsọ rẹ̀ fún dígí. "Ẹ jẹ́ kí ẹja yẹn wà nínú oòrùn fún wákàtí kan, Bàbá Ìníolúwa. Yìnyín wà nínú ikùn wọn."

"Ètò kò fi àyè sílẹ̀ fún yìnyín," ni ó wí, kò tilẹ̀ yíjú.

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó fi ara rẹ̀ wé ìràwọ̀, ó fi ara rẹ̀ wé odò, ó fi ara rẹ̀ wé odi Abẹ́òkúta. Ní gbogbo àkókò yẹn, òróró ń gbóná nínú ikùn méjèèjì, ó kún dé ẹnu nítorí Alága ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé òróró Ìtura kò tó. Èéfín díẹ̀díẹ̀ ti ń rú. Àwọn tó jókòó níwájú ń sún àga wọn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, tẹ̀rín tẹ̀rín, bí ẹni pé oòrùn ni wọ́n ń sá fún.

"Nítorí náà," Alága gbé ẹja mẹ́ta dání lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, funfun yìnyín ń dán lára wọn, "ní orúkọ ìlọsíwájú!"

Ó jù wọ́n sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ gbọ́, mo ti gbọ́ àrá, mo ti gbọ́ táyà tó bẹ́ lójú títì. Ohùn tí òróró yẹn ké kò jọ ọ̀kankan. Ó kọ́kọ́ hó, ó wú sókè bí ẹ̀kọ tí ẹnì kan gbàgbé, ó funfun, ó gun etí ẹ̀rọ, ó sì ya bolẹ̀ ní gbogbo ìhà. Ó ṣàn wọ abẹ́ ẹ̀rọ níbi tí wáyà wà. Iná búlúù bẹ́ "tá-tá-tá!" Fíùsì ìbá ti já níbẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ sì parí, ṣùgbọ́n fíùsì kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ìpẹ̀kun àdúgbò, tiransifọ́mà kérora lẹ́ẹ̀kan, ó dún bíi ìbọn ńlá, èéfín dúdú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ibi tí wọ́n kọ LÁSÚNKÀNMÍ sí.

Kánópì wó. Kò sẹ́ni tó jóná, ọpẹ́ ni fún àwọn tó ti ń sún àga. Alága ni wọ́n kọ́kọ́ rí tó fò kọjá lórí tábìlì ọlọ́lá, agbádá rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ìyẹ́ igún, kò sì dúró títí tó fi bọ́ sínú gọ́tà. Fìlà rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sórí àga, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí ẹni ń retí ìdúpẹ́.

Láti abẹ́ kánópì, wọ́n gbọ́ ohùn Dáníẹ́lì: "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Alága!"

Ẹja kan kò jinná. Inú òróró tútù ni wọ́n ti yọ wọ́n lọ́jọ́ kejì, ìta wọn dúdú bí èédú, inú wọn ṣì wà ní tútù.

Ènìyàn mìíràn ìbá ti bẹ̀bẹ̀. Lásúnkànmí gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ni: Ìgbìmọ̀ Ìwádìí sí Ìwà Àwọn Ẹja. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta ló ní: Alága, Dáníẹ́lì, àti aṣojú Alága, tó tún jẹ́ Alága. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jókòó ní pálọ̀ rẹ̀. Àbájáde wọn ni pé àwọn ẹja náà wọ inú òróró pẹ̀lú èrò búburú, pé ẹni tó tà wọ́n mọ̀ sí i, àti pé Ọláwùnmí kò gbọ́dọ̀ ta ẹja mọ́ ní Ìtura.

Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ ìwé náà mọ́ ògiri, Ọláwùnmí ń gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ẹja inú fírísà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti rà. Ó ń fi ṣọ́bìrì kó wọn sí kòtò, ó fi ìborùn di imú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, òórùn kọ́ ló sì fà á. Mọ́láyọ̀ gba ibẹ̀ kọjá bó ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, ìpàdé kún ju ti ìgbàkígbà rí lọ. Àwọn tí kì í wá wá. Onígbàjámọ̀ wá, ẹni tí ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ ti dákẹ́, télọ̀ wá, aboyún alákàrà náà wá, ó sì gba àga iwájú.

Ọláwùnmí dìde. "Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣé ẹ rí i, ẹja ni mò ń tà, mi ò mọ̀wé wáyà. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ. Fíùsì tó yẹ kó kú dípò tiransifọ́mà wa, ta ló yọ ọ́?"

"Àwọn ọ̀tá!" Alága gbá tábìlì. "Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ mi ń dùn lójú! Wọ́n wọlé wá, wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n lè bà mí lórúkọ jẹ́! Ẹ̀rí wà. Gbogbo ìṣe mi ló wà nínú ìwé. Dáníẹ́lì, ka ti ọjọ́ Fráídè, kí ojú tì wọ́n!"

Dáníẹ́lì, tó ti mọ́ ọn lára láti máa kà kó má máa rò, ṣí ìwé, ó gbé ohùn sókè: "Ọjọ́ Fráídè. Alága jí pẹ̀lú ọlá. Alága pàṣẹ pé kí wọ́n yọ fíùsì, kí wọ́n fi wáyà tó nípọn bí àtàǹpàkò rọ́pò rẹ̀. Ṣàràfá bẹ̀bẹ̀ pé tiransifọ́mà yóò kú. Alága fi ọgbọ́n dá a lóhùn pé, 'Nínú àkóso mi, nǹkan kan kì í kú láìgba àṣẹ.' Akọ̀wé pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé sì lọ so ó."

Ẹnì kan sọ lábẹ́nú pé, "Yéè." Dáníẹ́lì gbé ojú sókè láti gba oríyìn, ó rí ojú àwọn ènìyàn, ó sì rọra pa ìwé dé.

Bàbá kan tó jẹ́ àgbà nínú àwọn onílé dìde, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí Lásúnkànmí fi ipò sílẹ̀ na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Lásúnkànmí ń wò wọ́n, ẹ̀rín ìyọṣùtì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń sọ lọ́kàn pé aláìmoore ni aráyé. Ẹ̀rín náà ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Mọ́láyọ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọláwùnmí. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀. Ó wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ náà sókè.

"Mọ́láyọ̀!" Ọkọ rẹ̀ dìde dúró. "Ṣé o mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń dìbò lé lórí?"

"Mo mọ̀, Bàbá Ìníolúwa. Òun ló jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ kó tó gòkè."

Lásúnkànmí yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. Dáníẹ́lì sì ti ṣí ojú ewé tuntun, ó ń bi àgbàlagbà tó dìde náà léèrè bóyá "Òòrùn" ló fẹ́ kí wọ́n máa pè é ni tàbí "Òṣùpá."

Wọn kò yan bàbá náà o. Ọláwùnmí ni wọ́n yàn, ọ̀rọ̀ tó sì kọ́kọ́ sọ gẹ́gẹ́ bí alága ni pé kí wọ́n lọ sílé lọ jẹun.

Oṣù márùn-ún ni Ìtura fi wà lókùnkùn. Wọ́n pinnu pé kí ẹni tó ba nǹkan jẹ́ ta ẹ̀rọ rẹ̀ sí àtúnṣe. Kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Mùtíù ti Ìbàfò ní òun ti kìlọ̀. Nígbẹ̀yìn, àwọn tó ń ra irin àlòkù ló fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, wọ́n fi òòlù fọ́ ọ sí mẹ́rin lójú Lásúnkànmí kó lè wọ ọkọ̀ wọn. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì ní láti fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kún un ní oṣooṣù. Òrùlé ilé rẹ̀ ń jò lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òjò bá dé, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé bàsíà sábẹ́ rẹ̀, kò sì pe ẹnikẹ́ni wá kọ ọ́ sílẹ̀.

Àmọ́ Mọ́láyọ̀ kò bá a ṣọ̀tá. Nígbà tí àtúnṣe kù díẹ̀ kó parí, ó dá nìkan lọ sí Ìbàfò, ó fi owó oṣù tirẹ̀ ra ìkòkò lítà méjì, èyí tí ikùn rẹ̀ ń yọ. Ó gbé e sórí pẹpẹ ìdáná, ó sì fi aṣọ bò ó de ọjọ́ tí iná yóò dé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ dá iná padà, Ọláwùnmí kò na kánópì. Èèyàn bíi mẹ́wàá ló dúró lábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà, ọ̀dà tuntun ti bo gbogbo ara rẹ̀. Lásúnkànmí wá. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sì sẹ́ni tó lé e. Ó dúró lẹ́yìn, ó ń fọwọ́ kan bébà tó ká sínú àpò, ojú ewé mọ́kànlá, bóyá ẹnì kan á rántí pé kó sọ̀rọ̀.

Ṣàràfá wà lórí àkàbà lẹ́bàá òpó, ó ń di wáyà tó kẹ́yìn. Àkàbà náà ń mì lórí ilẹ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá tí ẹ dúró lẹ́yìn yẹn," ló ké láti òkè, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹsẹ̀ àkàbà yìí mú."

Lásúnkànmí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó ṣẹ́ apá agbádá sókè, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àkàbà náà. Nígbà tó rí i pé àwọn ènìyàn ti ń wo òun, àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè.

"Ẹ̀yin ará Ìtura, nípa ọ̀rọ̀ àkàbà—"

"Ẹ má sọ̀rọ̀, sà," ni Ṣàràfá wí. "Ẹ ṣáà dì í mú."

Lásúnkànmí pa ẹnu dé, ó sì dì í mú.